Orin Tí Wọn Kò Rí Kọ ní Ṣikágò

Ọmọ bùrọ̀dá mi kò tíì jókòó dáadáa sí pálọ̀ ìyá mi l'Ágége, omi tí mo bù fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó yọ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan nínú báàgì, tó gbé e sórí tábìlì, tó ní kí n bá òun bi Màmá pé ta ló ṣe orin wọn. Mo ní kó kọ́kọ́ mu omi náà. Ó rẹ́rìn-ín, kò mu ún, ó tún béèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi.

Ṣikágò ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, òun náà ló sì fi ń kí gbogbo èèyàn láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́hùn-ún ni pé ó ń mú àwọn àlejò káàkiri ìhà gúúsù ìlú náà, ó ń fi ilé tí àwọn olórin aláwọ̀ dúdú gbé hàn wọ́n, àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí orin wọn ti jáde. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbẹ̀ fẹ́ ṣe ògiri kan tí èèyàn á máa fọwọ́ kàn, tí orin á sì máa dún jáde. Ó fẹ́ kí orin Màmá, ìyá bàbá rẹ̀, wà lára ògiri náà, pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán wọn lábẹ́ rẹ̀.

Nínú mọ́tò, bí mo ṣe ń gbé e bọ̀ láti òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní Ìkẹjà GRA, ó ń kọ́ mi ní ìtàn. Ó ní àwọn èèyàn dúdú kúrò lóko òwú ní apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n wọ rélùwéè, wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ àti ilé ìpẹran ní Ṣikágò. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n bá níbẹ̀ ń tijú àtẹ́wọ́ àti ariwo wọn, ni wọ́n bá lọ gba ṣọ́ọ̀bù òfìfo, wọ́n to àga sínú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ilé àdúrà. Mo fi ọwọ́ kan júwe òrùlé páànù tó wà lẹ́yìn Dopemu fún un. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa nìyẹn, ilé tí ilé-iṣẹ́ kan ń kó ọ̀dà pamọ́ sí ni tẹ́lẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀, bàbá mi wà nínú wọn, láti Èkìtì ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ìdí kan náà ni àwọn náà fi kúrò nínú ìjọ tí wọ́n bá nílẹ̀. Kò sí ohun tó ń sọ fún mi tí mi ò mọ̀. Ló bá ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún un sọ, ẹ̀rọ òun ò tíì tàn.

Orin tí gbogbo wàhálà yìí dá lé lórí kò ju ẹsẹ mẹ́ta lọ. Mo ṣì wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí gbé ìyá mi níbi ìsọjí kan, tí orin náà sì ti ẹnu wọn jáde. Nínú ìjọ tiwa, orin tó bá wá bẹ́ẹ̀ kì í ní olóhun. Ẹnu lásán ni ẹni tó gbà á. Bí o bá dìde lónìí tí o sọ pé orin mi, àwọn alàgbà á pè ọ́ sẹ́yìn pẹpẹ, wọ́n á sì bá ọ wí bí ọmọdé. Ìyá mi fi orin náà rẹ àwa ọmọ wọn lẹ́kún, wọ́n fi fọṣọ, wọ́n fi ro ẹ̀kọ. Ọjọ́ tí bùrọ̀dá mi ń lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ sí i lórí ní pápákọ̀ òfuurufú títí tí sójà kan fi ní kí á sún sẹ́yìn.

Bùrọ̀dá mi kú lọ́dún tó kọjá. Ní tiwa, òbí kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, kì í sì í rí ibojì rẹ̀. Torí náà Màmá kò béèrè fún físà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì sọ nǹkan kan fún wọn nípa ìsìnkú náà. A rò pé àánú wọn là ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n fẹ́ mọ̀, wọn ò sì rí ẹni tí wọ́n lè bi, àfi ìgbà tí ọmọ yìí dé.

"Ẹ̀mí ló mú un wá," ni Màmá dáhùn nígbà tí mo túmọ̀ ìbéèrè ọmọ náà fún wọn. Wọ́n wá tẹjú mọ́ ọn. "Bi í fún mi. Orin wo ni wọ́n kọ sí bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin ín?"

Mo bi í. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní ìsìnkú náà dára, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n ṣe orin yẹn?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ́jọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì. Ọ̀kan ń béèrè ẹni tó ni orin, èkejì ń béèrè orin tí wọ́n kọ sí òkú, kò sí ẹni tó dá ẹnì kejì rẹ̀ lóhùn, èmi ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín wọn títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ oògùn tí mo ti ń yẹ ìgò wò, nítorí èyí. Ìgò kì í dá èèyàn lágara tó báyìí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wá gbọ́ pé àlejò kan ti Amẹ́ríkà dé nítorí orin. Mo lọ bá ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin fúnra mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orin tiwa ló fẹ́ gbọ́ o. Èyí tí a máa ń kọ lójoojúmọ́."

Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojú ò ní tì yín."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo rí kíbọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n háyà, mo rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì tó ga jù mí lọ. Ọmọ bùrọ̀dá mi jókòó síwájú, ó wọ sùtánà funfun tí mo yá a, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo wa. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé itan. Ẹgbẹ́ akọrin bú sórin. Orin Amẹ́ríkà ni! Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n tún mú òmíràn, Amẹ́ríkà náà ni. Wọ́n ń fi imú kọ ọ́, wọ́n ń gbọn orí, bàbá tó ń ta páànù ní Dopemu ń sọ gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí wọ́n bí sí òkè òkun. Inú bí mi débi pé mo dìde láàárín ìsìn, mo lọ sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá akọrin létí.

"Àlejò ni, Àǹtí," ó ní. "A fẹ́ kí ara tù ú. Àbí ẹ fẹ́ kó rò pé a ò mọ nǹkan kan?"

"Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ èyí! Ṣé tìtorí ẹ̀ ló ṣe wọ bàálù wá?"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì juwọ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n wá mú èyí tó lọ́ra, orin Amẹ́ríkà àtijọ́ kan báyìí. Kò tíì dé ìdajì tí ọmọ bùrọ̀dá mi fi dìde, tó bo ojú, tó sì rìn jáde. Ojú ọ̀gá akọrin tàn yanran. Ó gbà pé ẹ̀mí ti bà lé àlejò, ló bá ní kí wọ́n gbé ohùn sókè sí i.

Màmá tẹ̀lé e. Èmi náà sáré gbé bàtà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ̀lé wọn. A bá a lẹ́bàá ògiri, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo, ó ń sunkún. Màmá dúró níwájú rẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Èyí ni wọ́n kọ sí i," ni wọ́n ní.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá, tí mo fi ní kó rọra. Ó ní orin Màmá ni bàbá òun ní kí wọ́n kọ tí wọ́n bá ń sin òun. Bàbá náà ń kùn ún lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Òun ní òun á gbà á sílẹ̀ tó bá sinmi díẹ̀, kò sì jí mọ́. Òun wá gbogbo Yorùbá tí òun mọ̀ ní Ṣikágò kàn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, òun ò sì láyà láti pè wá nílé. Òun fúnra òun ò mọ̀ ju ohùn ẹsẹ àkọ́kọ́ lọ. Ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn bá kọ èyí tí àwọn náà ní. Òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún Màmá pé ohun kan ṣoṣo tí ọmọ wọn béèrè fún, òun ò lè ṣe é.

"Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn ńkọ́?" mo bi í. "Àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Àǹtí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

Mo ti la ẹnu pé kí n bú u dáadáa. Láti ọjọ́ tó ti dé! Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Màmá gbé ọwọ́ sókè sí mi.

"Dákẹ́ ná. Bi í pé ta ló ni orin tí wọ́n kọ yẹn."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀. Ó ní àwọn ẹrú ló ń kọ ọ́ lóko òwú, láti ẹnu dé ẹnu, kò ní olóhun.

Màmá yíjú sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọjọ́ yìí. "Ṣé o gbọ́? Kó lọ kọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ tèmi náà lára ògiri rẹ̀." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Wọ́n sin ín dáadáa. Sọ fún un pé mo ní wọ́n sin ọmọ mi dáadáa."

Nígbà tó fẹ́ tan ẹ̀rọ rẹ̀, Màmá ní kó dá a padà sínú báàgì, ẹnu ni wọ́n fi ń gba orin náà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, títí ìsìn fi parí. Ẹ wò ó, ojú mi rí nǹkan. Bó bá dé ìparí ẹsẹ kejì, á fa ohùn náà, á gbé e lọ sókè, á tún gbé e bọ̀ wálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Mo ní ohùn ń dúró níbẹ̀ yẹn ni. Ó ní ó ti yé òun. Á tún fà á. Mo sọ fún Màmá pé ọmọ yìí fẹ́ pa mí.

"Èmi ò lè dé ibojì bàbá rẹ," ni Màmá sọ fún un lọ́jọ́ tó ń padà. "Ìwọ lè dé ibẹ̀. Lọ kọ ọ́ fún un."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ohùn rẹ̀ wọlé sórí wásáàpù mi. Mo gbé fóònù sáàárín èmi àti Màmá. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbi tó wà, ó kí bàbá rẹ̀ "ẹ káàárọ̀", ó sì bẹ̀rẹ̀ orin. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pé. Ó dé ìparí ẹsẹ kejì, ó fà á, ó gbé e lọ sókè, ó tún gbé e bọ̀ wálẹ̀.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" mo pariwo mọ́ fóònù. Mo ti ń wá ibi tí n óò tẹ̀ kí n lè fi èyí tó tọ́ ránṣẹ́ padà sí i. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé e lé etí wọn.

"Fi í sílẹ̀," wọ́n ní. "Bàbá rẹ̀ pẹ́ lọ́hùn-ún. Á gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."