Ẹsẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Òkun

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi da fínígà sórí kábéèjì, mo sì dìde kúrò nídìí tábìlì. Wọ́n rò pé ara mi ò yá. Ara mi yá o. Òórùn kíkan yẹn ló gbé mi padà sí yàrá òkùnkùn bàbá mi ní Ìkàrẹ́, níbi tí omi tí wọ́n fi ń fọ fótò ti máa ń rùn bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń ya oúnjẹ ní fótò kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ ò lè mọ ohun tí fótò jẹ́ nígbà yẹn. Dúdú àti funfun ni. Kámẹ́rà bàbá mi jẹ́ àpótí igi tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bàbá mi á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń rí gbogbo ènìyàn lódìkejì, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á gbé àpótí náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di Ọ̀kà, láti lọ ya àwọn àpáta àti ògiri ilé àtijọ́ tó ṣẹ́kù lórí òkè. Ìyá mi máa ń bi í bóyá àpáta ló máa bọ́ wa.

Nígbà kan ó lọ sí Èkó, ó ya etí òkun. Nígbà tó dé, ó gbé fótò náà fún ọkùnrin ará Ọ̀kà kan tó máa ń kun pátákó ṣọ́ọ̀bù, pé kó bá òun ya òkun sára aṣọ ńlá kan tí àwọn oníbàárà á máa dúró níwájú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ò fojú kan òkun rí. Ohun tó rí nínú fótò náà ló kùn: omi aláwọ̀ eérú, ìgbì funfun, igi àgbọn dúdú. Kò sẹ́ni tó bá a wí, torí nínú fótò, bákan náà ló máa rí. Ṣùgbọ́n èmi àti Àfúsá, ọ̀rẹ́ mi, gbà tọkàntọkàn pé bí òkun ṣe rí nìyẹn. Àfúsá tiẹ̀ bá ọmọ kan jà nílé ìwé nítorí pé ó ní aláwọ̀ búlúù ni.

Tíṣà Sànúsí ni bàbá Àfúsá, ẹ̀yìnkùlé wọn sì kan tiwa. Ọkùnrin gíga ni, kì í pariwo. Mùsùlùmí ni wọ́n, Kìrìsìtẹ́nì ni wá, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a sì jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ní ọdún kan tí ìbò dá ìjà sílẹ̀ káàkiri, òun ló dúró fún ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò, ó sì kọ̀ láti gba iye ìbò èké tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó rán ìyàwó rẹ̀ lọ sílé àwọn òbí ìyàwó náà ní Epinmi. Àfúsá ló kọ̀ tí kò bá ìyá rẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn jàǹdùkú tí ẹgbẹ́ kejì rán dé.

Mo gbọ́ wọn kí n tó rí wọn. Gíláàsì ń fọ́, ewúrẹ́ ń ké lábẹ́ àdá. Wọ́n da epo bẹntiróòlù sílé Tíṣà, páànù òrùlé rẹ̀ sì ń ta pàràpàrà bí àgbàdo nínú ìkòkò. Ọkùnrin kan tó máa ń lẹ táyà lójú títì ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n ṣá a lórí, ó ṣubú sínú kọ́tà, kò dìde mọ́. Inú èéfín yẹn ni Tíṣà gbà wọlé wa láti ẹ̀yìnkùlé, láìwọ bàtà, Àfúsá rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Bàbá mi gbé aṣọ òkun sókè, ó tì wọ́n sẹ́yìn rẹ̀, ó sì jẹ́ kó wálẹ̀.

Ọkùnrin kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Ẹ̀bìtì ni olórí àwọn jàǹdùkú náà. Ó kọ́kọ́ gbá bàbá mi lẹ́nu kó tó bi í léèrè ibi tí Tíṣà wà. Wọ́n wọ yàrá òkùnkùn, wọ́n da gbogbo omi fótò sílẹ̀, wọ́n fa fíìmù tí bàbá mi ò tíì fọ̀ síta sínú oòrùn. Bí àwọn àpáta Ọ̀kà ṣe ṣègbé nìyẹn. Ó wá ku ẹ̀yìn aṣọ yẹn nìkan tí wọn ò tíì wò. Mo ti tọ̀ sára, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Bàbá mi nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ nù. "Ọ̀gá," ó ní, "ẹ ò ní jẹ́ kí n yà yín ni? Irú ọjọ́ báyìí ò wọ́pọ̀."

Ẹ̀bìtì wò ó, ó wo ara rẹ̀. Ó wá béèrè pé, "O ní páúdà?"

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ènìyàn lórí ló ń béèrè páúdà. Wọ́n ya irun, wọ́n kun ojú, wọ́n sì tò síwájú òkun pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

Bàbá mi ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, òógùn bò ó. Mo tẹ̀ lé ojú rẹ̀, mo rí ohun tó rí. Aṣọ náà ò kanlẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ Tíṣà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ kékeré Àfúsá sì wà lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, torí àyè ò gbà wọ́n. Bàbá mi gbé bẹ́ǹṣì wá, ó ní kí àwọn kan jókòó, kí wọ́n sún mọ́ra dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ibẹ̀ tán. Fẹ́rẹ̀ẹ́ náà ni.

"Ẹ má mí o," ló wí.

Àwọn tó wà níwájú aṣọ ò mí. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ò mí.

Ó yà á tán, wọ́n dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn lóun fẹ́ wo bí òkun ṣe jìn tó, ló bá ti àdá bọ aṣọ náà. Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Ó fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ ti wà lára àdá yẹn tẹ́lẹ̀, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n jáde.

Nígbà tí bàbá mi gbé aṣọ sókè, Tíṣà ṣì wà lórí ìdúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ kan lẹ́nu Àfúsá, ọwọ́ kejì níhà ara rẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. Ó kú kí a tó gbé e dé ọsibítù. Àwọn ẹbí ìyá Àfúsá wá mú un lọ sí Epinmi, mi ò sì rí i mọ́.

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀bìtì wá gba fótò rẹ̀, bàbá mi sì fún un, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà wá. Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ títí tó fi darúgbó, tí wọ́n ń fi í ṣe alága ìgbéyàwó, tó ń gbàdúrà fún ọmọ tuntun. Kò sí àlejò kan tó wo ìsàlẹ̀ fótò yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin arúgbó kan kan ilẹ̀kùn mi. Àfúsá ni. Ó ti bi gbogbo ẹni tó mọ̀ léèrè bóyá wọ́n ní fótò bàbá rẹ̀, torí gbogbo èyí tí wọ́n ní ló jóná mọ́lé.

"Ọ̀rẹ́ mi, mi ò rántí ojú ẹ̀ mọ́," ó ní. "Ohùn ẹ̀ nìkan ló kù."

Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀, ó sì ń ṣe mí bíi kí n purọ́. Ọmọ ọmọ mi ti gbé e láti inú fíìmù bàbá mi sínú fóònù. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo sì sọ àwọn tó wà níbẹ̀ fún un. Kò sunkún. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó ń fẹ̀ ẹ́, títí Ẹ̀bìtì àtàwọn èèyàn rẹ̀ fi kúrò lójú fóònù pátápátá. Fótò ayé ìgbà tiwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ inú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ló máa wà. Ìbò ṣì ń pa ènìyàn, ìyẹn ò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi fi ìka méjì lé àwọn tó pa bàbá rẹ̀ jáde.

Ó ku ẹsẹ̀. Àfúsá bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sórí àga, ó sì gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú fótò, ìka kejì ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ lórí àga náà, bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Bàbá mi nìyí," ó ní. Ó ní kí n bá òun tẹ ibẹ̀ yẹn nìkan, kí n ṣe é tóbi, kí òun gbé e kọ́ sí pálọ̀.