Àwo Tuntun Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Tíì Gbọ́

Láti àárọ̀ ni òjò ti ń ṣú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí àwo náà jáde. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju àwọn onílé lọ, mo ń tún fóònù kan tó bọ́ sínú omi ṣe. Ọkùnrin tó ń gẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi ló kọ́kọ́ pariwo. Ó gbé sípíkà rẹ̀ síta, ó ní, "Ẹ jáde o! Bàbá ti dé!"

Bàbá tó ń wí kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Olórin ráàpù ni. Nígbà tí a wà ní kékeré, òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé èèyàn lè fi Yorùbá ilé wa ṣe ráàpù, kó yá bí ìjì, kó sì dùn. Ó ti pẹ́ tó ti gbé àwo jáde gbẹ̀yìn. Àwọn kan ti ń sọ pé ó ti pa orin tì, pé oko adìyẹ ló ń bójú tó báyìí.

Orin mélòó kan péré la tíì gbọ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wà lórí àga, wọ́n ti gẹ apá kan orí rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ràn ráàpù débi pé ó máa ń wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò ní irun kankan tó fẹ́ gẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹnu bàbá yìí ti wúwo. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í mí títí tí yóò fi parí. Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí, bí ẹni tó ń gun òkè Ìgbẹ́tì."

Agẹrun pa kílípà. "Ta ló sọ fún ọ pé eré sísá ni ráàpù? Ọkùnrin náà ti bímọ, ó ti sin òbí. Ohun tó ń sọ ni kí o gbọ́."

"Mo gbọ́ ọ. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ṣé torí orúnkún ni mo ṣe ra dátà?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Agẹrun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú bí i díẹ̀. Ó ní orin orúnkún yẹn gan-an ló dára jù nínú àwo náà, pé ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró lórí ẹsẹ̀ gẹ irun fún èèyàn láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, á mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ti gba ipò lọ́wọ́ bàbá. Agẹrun ní ta ló kọ́ wọn? Òjò wá bẹ̀rẹ̀, àwọn tó sá wọlé nítorí òjò náà sì dá sí i. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ráàpù, àmọ́ ohùn ọkùnrin yìí ń ṣe òun bíi kí òun sunkún.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ orin rẹ̀ jù nínú gbogbo wa. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí."

Mo ní ẹni tó ni fóònù máa tó dé, mo bá padà sínú ṣọ́ọ̀bù mi. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé etí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo fi mọ orin náà, àti pé láìsí ẹ̀gbọ́n mi nítòsí, n kò mọ ohun tí mo ń gbọ́.

Ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí wa. Àlùfáà ni bàbá wa, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá gba iwájú wọlé wa, kéwú lẹ ó gbọ́. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn wọlé, ráàpù ni. Bàbá á pariwo láti iwájú pé, "Pa nǹkan yẹn o!" Ẹ̀gbọ́n mi á dín in kù, kò ní pa á. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún máa gbé e sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Òun ló kọ́ mi. Ó ní òfin kan: ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá ń gbọ́ orin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. A ó jókòó sórí táyà àlòkù, ọwọ́ rẹ̀ á dúdú fún ọ́ìlì, á di ojú. Bí orin bá tán, á ní, "Kí lo gbọ́?" Bí mo bá ní ó dùn, á ní, "Ṣúgà náà dùn. Mo ní kí lo gbọ́?" Ìgbà yẹn ni màá tó ronú. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń fa òmíràn lọ́wọ́, tí ohùn á gòkè, tí á sì já bọ́ síbi tí èèyàn kò fọkàn sí. Ẹsẹ kan wà tó yá ju gbogbo ẹsẹ lọ nínú orin ọkùnrin náà. Èmi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sì gbà á lẹ́nu mi lágbedeméjì, torí èémí mi kì í gbé e dé òpin.

Ó wá lọ. Ó ní àwọn èèyàn ti ń fi sólà sílé, kò sẹ́ni tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá mọ́. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gba ọ̀nà aṣálẹ̀, wọ́n fẹ́ dé òkè òkun. Ó pè wá láti Kánò. Ó tún pè láti ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Niger, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní yanrìn ti kún òun létí. Ohùn rẹ̀ tí a gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn. Ẹnì kan tó padà dé ní òun rí i ní Líbíà. Ẹlòmíràn tí wọ́n jọ gbéra ní àwọn kò jọ dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí wa kú ọ̀fọ̀, a kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń bọ̀. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin gbé pọ̀n lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ ti wà lára àwọn tó ń ké kéwú níwájú ilé báyìí.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo tètè ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́sáláṣí dé ni.

"Asalaamu alaekun. Ẹ kú Jímọ̀ o, bàbá mi."

"Wa alaekun salaam. Ìyá mi, o káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Ó jókòó lórí ẹní, ó bọ́ fìlà. Ó ká fìlà náà sórí orúnkún kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ òun lógún.

"Mo wọ kẹ̀kẹ́ lánàá láti ọjà Àkẹ̀sán. Ẹni tó wà á ń gbọ́ orin. Ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń fi orin rẹ̀ yọ wá lẹ́nu yẹn, àbí òun kọ́?"

"Òun ni, sà. Ó gbé àwo tuntun jáde."

"Ohùn yẹn, bí mo bá tilẹ̀ sùn, mo mọ̀ ọ́n." Ó wo ìta. "Ṣé ó wà lórí fóònù rẹ?"

Yàtọ̀ sí wáàsí, n kò gbọ́ ọ rí kó ní kí wọ́n fi nǹkan sí i kí òun gbọ́. Mo gbé fóònù sórí ẹní láàárín wa, mo tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kà á. Nígbà tí orin orúnkún parí, ó ní, "Tún un fi sí i." Mo tún un fi sí i.

Ó ní, "Nígbà yẹn, ọkùnrin yìí kì í mí. Mo máa ń gbọ́ ọ láti iwájú ilé, màá ní èémí ta ló ń yá lò? Ó ti wá mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti mí. Ó máa ń pẹ́ kí àwọn ọmọ kéwú tó mọ ìyẹn."

"Wọ́n ní ó ti gbó, sà. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ti wúwo."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Kí ló máa sọ?"

A kì í sọ̀rọ̀ báyìí nílé wa. A máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúà, a ó ṣe àmín, a ó sì dákẹ́. Mo ní, "Kò ní fẹ́ràn ẹ̀, sà. Èyí tó bá yá ló fẹ́ràn."

"Irọ́ ni. Á fẹ́ràn ẹ̀. Òun náà ti dàgbà sí i níbikíbi tó bá wà, etí rẹ̀ á ti dàgbà."

"Bàbá mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ráàpù."

"Èmi tí mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri lójoojúmọ́?"

Bí a ṣe fà á títí ohùn wa fi lọ sókè nìyẹn. Mo fi orin àtijọ́ sí i kó lè gbọ́ ìyàtọ̀. Ó ní èyí àtijọ́ yẹn, ariwo ọmọdé ni. Ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tíì dá sí wa. Kò gbé orí sókè nígbà tó sọ tirẹ̀.

"Á kọ́kọ́ bú u. Tó bá dọ̀la, á ní kò burú. Tó bá dọ̀tunla, ẹnikẹ́ni ò ní sùn nínú ilé yìí."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi náà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà. Ẹ̀rín ọ̀hún wá tán, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Ìyá mi gbé àwo ẹ̀wà, ó wọlé lọ. Bàbá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ọlọ́run, ibi tí ojú wa ò tó, ojú Rẹ tó o." Mo ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó lọ, ó na fóònù kékeré rẹ̀ sí mi pé kí n kó àwọn orin náà sí i. "Má jẹ́ kí àwọn ọmọ kéwú mọ̀ o," ó ní.

Nígbà tí mo dé Under G, wọ́n ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ bàbá oníráàpù, olórin mìíràn ni wọ́n ń jà lé lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ rántí mi. "Àǹtí, ẹ ò tíì dá ẹjọ́ ọjọ́sí."

Mo ní àwo náà dára. Mo ní orin orúnkún yẹn ló dára jù, àmọ́ pé ká ní ẹ̀gbọ́n mi wà níbí ni, ẹ̀yìn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa wà, á sì bá mi jà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Agẹrun ní, "A ò mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Níbo ló wà?"

Mo sọ fún wọn. Mo ti wà ní Under G látìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ parí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Agẹrun pa sípíkà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọlọ́run á mú un padà wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Mo ṣì ń gbọ́ àwo náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó dá mi lójú báyìí. Ohun tó kù tí mo fẹ́ ni kí ẹ̀gbọ́n mi dé, kó sọ pé n kò mọ nǹkan kan.