Ẹ̀wù Oyin Tí N Kò Fẹ́ Fọ̀

Gbogbo ẹni tó bá wa dé ìdí oyin rí ni mo mọ orúkọ wọn títí dòní, n kò kàn ní kọ ọ́ síbí ni. Orúkọ baálé mi pàápàá, kò sẹ́ni tó ń pè é nínú ilé yìí mọ́.

Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ló gbé wa wá sí Port Harcourt. Nígbà tí baálé mi fẹ̀yìn tì, wọ́n ní àwọn kò lọ sílé mọ́. Wọ́n gbé àpótí oyin mẹ́rin sẹ́yìn ilé wa ní Rumuolumeni. Ẹ̀wù funfun kan, tòun ti àwọ̀n ìbojú, ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Èmi kì í sún mọ́ ọn. Ojú fèrèsé kíṣíìnì ni mo ti ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ rọra o, kí wọ́n má ta yín."

"Oyin wo ló máa ta mí? Wọ́n mọ irú ọbẹ̀ tí mò ń jẹ nílé yìí. Àánú mi ń ṣe wọ́n."

Nígbà tí baálé mi kú, àwọn ọmọ pín aṣọ wọn. Ẹ̀wù oyin nìkan ni n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Bí mo bá fi imú mọ́ ọrùn rẹ̀, òógùn wọn àti èéfín ṣì wà níbẹ̀.

Ilé wá dákẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi náà ni mò ń dá ara mi lóhùn. Oyin wọ̀nyẹn nìkan ni nǹkan wọn tó ṣì ń mí. Mo bá wọ ẹ̀wù náà, mo lọ tọ́jú wọn. N kò tíì ṣí ìdérí tán tí oyin fi bò mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sáré wọlé. Ọjọ́ kẹta, oyin ta ọmọ aládùúgbò wa. Bàbá ọmọ náà ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, epo bẹntiróò àti ìṣáná ni òun máa gbé wá.

Mo ránṣẹ́ sí olùkọ́ obìnrin kan tó ń ṣèwádìí oyin, tó máa ń yẹ tiwa àti ti àwọn olóyin Isiokpo wò. Kò tilẹ̀ wo àpótí. Apá ẹ̀wù ló gbé sí imú.

"Mama, na the cloth dem dey fight, no be you. When you wash am last?"

Ó ní ibi tí oyin bá ti ta oró sí lára aṣọ, òórùn ibẹ̀ ló ń pe àwọn yòókù wá jà. "Papa dey wash am every time."

Òótọ́ ni. Fúnra wọn ni wọ́n ń fọ ọ́. Ti ìgbẹ̀yìn nìkan ni àìsàn kò jẹ́ kí wọ́n fọ̀.

"If I wash am, wetin go remain?" ni mo bi í.

"Mama, the bee go remain."

Ó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́rin kí n tó lè fọ ọ́. Omi àkọ́kọ́ pọ́n bí omi àgbo. Mo sá a sórí okùn, mo jókòó tì í. Nígbà tí oòrùn mú, oyin kan wá bà sí etí rẹ̀ níbi tí omi ti ń kán, ó ń mu. Òmíràn dé. Nígbà tó yá, wọ́n tó bí ogún. N kò bo ojú, n kò bo ọwọ́, ọ̀kan kò sì ta mí.

"Bàbá," ni mo wí, "ọbẹ̀ yẹn náà lèmi náà ń jẹ o."