Kóòṣì Tí Kò Ní Ẹgbẹ́

Kóòṣì ni gbogbo ilé ìfọṣọ ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé. Ẹnu ló fi ń ṣe kóòṣì. Ẹgbẹ́ ìlú wọn, àwọn tó ń gbowó láti máa ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n gíga, ti wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì ìdíje fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọdọọdún ni àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà ń sọ lórí rédíò pé kí aráàlú ṣe sùúrù, àwọn ń tún ẹgbẹ́ kọ́ ni. Ilé wo ni wọ́n ń tún kọ́ fọ́dún mẹ́fà tí kò tíì kan òrùlé? Ìbéèrè tí Kóòṣì máa ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, á sì dá ara rẹ̀ lóhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Èèyàn lè kọ ìyàwó, èèyàn lè kọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí kóòtù tó ń tú èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ti fẹ́ràn láti kékeré. Ó ti gbìyànjú ẹ̀. Lọ́dún kan, ó lọ fara mọ́ ẹgbẹ́ ìlú kejì tó ń gba ife. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wọn: inú rẹ̀ kò dùn nígbà tí wọ́n borí, inú rẹ̀ kò sì bà jẹ́ nígbà tí wọ́n pàdánù. Ó fìtìjú padà sílé. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé inú túbú lòun wà, ohun tó kù ni kí òun bá wọn tún túbú náà ṣe.

Bírò àti ìwé ló fi ń tún un ṣe. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, á kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́: ẹni tó yẹ kí wọ́n dì mú, ẹni tó yẹ kí wọ́n lé, irú ọmọ tuntun tó yẹ kí wọ́n wá lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a dà á kọ kó lè ṣeé kà. Lẹ́tà mọ́kànlá ti lọ láàárín ọdún mọ́kànlá. Èsì kan ṣoṣo ló wọlé, káàdì kan tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ olólùfẹ́ àwọn ọ̀wọ́n, kó má sì gbàgbé láti ra fìlà tuntun. Àwọn tó ní kí wọ́n lé kò lọ. Àwọn tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn ni wọ́n tà. Kóòṣì kò torí ìyẹn dáwọ́ dúró. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ tirẹ̀, kò sóhun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ó kàn le ni. Agbábọ́ọ̀lù tó bá mọ ipò kan ṣoṣo gbá, ẹrù ni, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Èyí tó ń bí i nínú jù ni àgbà agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ní ọgbọ́n rẹ̀ ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́.

"Ọgbọ́n wo?" ni Kóòṣì máa ń pariwo. "Ṣé ọgbọ́n ló ń wọ inú àwọ̀n ni àbí bọ́ọ̀lù? Ibi tí ọmọ tó lè sáré ì bá jókòó ló gbà! Kó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ẹlòmíì, kó máa lọ sílé lọ sinmi!"

Ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín jù tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni Àgbà.

Àgbà ni wọ́n ń pè é torí òun ló pẹ́ jù ní ilé ìfọṣọ náà. Àbúrò bàbá ìyàwó Kóòṣì ni, òun ló sì tọ́ ìyàwó náà dàgbà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Ọdún tó fi ọmọ fún Kóòṣì náà ló mú un wá síbi iṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ni Kóòṣì ti gba ìyàwó àti oúnjẹ. Iṣẹ́ Àgbà kò ju ẹyọ kan lọ: tábìlì àbàwọ́n. Gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá ti ọsibítù àti òtẹ́ẹ̀lì dé, iwájú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbà kọjá. Á na ìka sí ojú àbàwọ́n, á fi èékánná ha á, nígbà mìíràn á gbóòórùn rẹ̀, á ní, "Tíì nìyí," tàbí "Òògùn ikọ́ nìyí," tàbí "Ẹ̀jẹ̀ ni, omi tútù o!" Ẹ̀jẹ̀ tó bá kan omi gbígbóná ti di ti aṣọ nìyẹn, kò ní jáde mọ́ láéláé. Àgbà kò mọ ẹ̀rọ kankan lò, eékún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè ti kẹ̀kẹ́ aṣọ mọ́.

Kóòṣì fúnra rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ, irin ńlá kan tó gùn ju yàrá tó ń sùn sí lọ. Aṣọ ń gba iwájú wọlé ní tútù, ó ń gba ẹ̀yìn jáde ní gbígbóná. Ibi iṣẹ́ náà kò ní fèrèsé. Káàdì ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ọwọ́ àwọn ará ọ́fíìsì ni káàdì sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gba atẹ́gùn síta á tẹ aago, á dúró. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Kóòṣì ti ń dúró. Láràárọ̀ tó bá ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn yẹn pa dé lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ máa ń wúwo, ṣùgbọ́n níbo ni yóò gbà lọ? Ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ ló mọ̀, àti èyí tó ń fún un gbẹ, àti bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ aṣọ lọ́jọ́ tí dírẹ́bà kò bá wá. Ohun tó ń gbà á là ni rédíò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Àgbà, tí àwọn méjèèjì fi ń gbọ́ bí ẹgbẹ́ wọn ṣe ń jẹ ìyà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí mánéjà tuntun fi dé. Obìnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó mọ èèyàn kí, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá Kóòṣì níbi tó ti ń kọ̀wé nígbà ìsinmi.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí lẹ̀ ń kọ?"

"Ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ni, mà. Mò ń bá wọn tún ẹgbẹ́ wa tò ni."

Ó jókòó tì í, ó gba ìwé náà, ó kà á, ó ṣí ojú ewé, ó tún kà á. Kò sẹ́ni tó fara balẹ̀ ka ìwé yẹn bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá," ni mánéjà wí. "Àwọn ọ̀gá òkè ní kí n tún ẹ̀ka yìí tò. Ẹni mẹ́sàn-án lẹ jẹ́, ẹni mẹ́fà ni wọ́n fẹ́. Tó bá ṣe pé ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ni, báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Ẹ ṣáà kọ ohun tẹ́ ẹ bá rò. N ò ní dárúkọ yín."

Orí Kóòṣì wú. Ọjọ́ Àìkú ló jókòó kọ ọ́, kò sì gbé e fún ìyàwó rẹ̀ láti dà á kọ, ó ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́mbà tó wà lára àpótí tí kálukú ń kó aṣọ sí ló lò, bí wọ́n ṣe ń fi nọ́mbà pe agbábọ́ọ̀lù. Ó fún kálukú ní máàkì gẹ́gẹ́ bí iye iṣẹ́ tó mọ̀. Nọ́mbà méje, ẹyọ kan. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọgbọ́n rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo, ewu ni. Kó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ẹlòmíràn, kó máa lọ sinmi.

Ṣé kò mọ̀ pé Àgbà ni nọ́mbà méje ni? Ó mọ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ kò ní bá a bò ó. Àmọ́ ẹ wo irú èèyàn tó jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ ẹni tí wọ́n á lé sínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó torí ìwé rẹ̀ kúrò níbì kankan rí. Lójú tirẹ̀, ìwé jẹ́ ohun tí èèyàn ń kọ kí inú lè fúyẹ́. Bó ṣe ń fa ìlà sábẹ́ nọ́mbà méje, adùn ẹni tí wọ́n wá bi ní ìmọ̀ràn nìkan ló ń jẹ. Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ẹ̀rín fi í lé mánéjà lọ́wọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri. Nọ́mbà méjì, nọ́mbà mẹ́rin àti nọ́mbà méje ni kó múra àtilọ.

Kóòṣì tẹ aago, ó dúró, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ó gba ọ́fíìsì lọ tààrà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Àgbà sílẹ̀. Ẹ ò lè rí ẹni tó mọ àbàwọ́n bíi tiẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ kọ ọ́ síbí." Mánéjà fi ìka tọ ìlà náà. "'Ọgbọ́n tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo, ewu ni.' Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lọ́kàn. Mo kà á fún àwọn ọ̀gá."

"Básíkẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń ṣeré, mà. Àgbà níṣẹ́ tiẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Bó tiẹ̀ jókòó lásán, ọkàn àwọn yòókù máa ń balẹ̀ tí wọ́n bá ti rí i."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kejì pé ibi tí ọmọ tó lè sáré ì bá jókòó ló gbà?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Kóòṣì wo ìwé náà, àkọsílẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ta ni yóò bá jiyàn? Òun náà ló ń bá jiyàn, ẹni tó bá sì ń bá ara rẹ̀ jiyàn, bó bá borí, òun náà ló pàdánù.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ dípò ẹ̀, mà."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Iṣẹ́ mẹ́ta lẹ mọ̀. Ẹ ò lè lọ, sà. Ẹ̀yin gan-an ni Àgbà máa kọ́ níṣẹ́ àbàwọ́n, láti ọ̀la."

Bẹ́ẹ̀ ni Kóòṣì fi ọ̀sẹ̀ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgbà nídìí tábìlì. Àgbà á di ìka rẹ̀ mú, á gbé e lé ojú aṣọ. "Má wò ó, fọwọ́ pa á. Ṣé o rí i pé ó le díẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn." Bí Kóòṣì bá gbà á, Àgbà á ní ó ṣeun. Bó bá ṣì í, Àgbà á ní kò burú, òun náà lo ọdún kan kóun tó mọ̀ ọ́n. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wọn, Àgbà á ní, "Kóòṣì, ta ni kí wọ́n lé báyìí?" Kóòṣì á ní òun kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń pinnu pé òun á jẹ́wọ́, ojoojúmọ́ sì ni ó ń sún un di ọ̀la. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tó sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá kò wá rí gbólóhùn kan ṣoṣo sọ.

Ilé kò sàn. Ìyàwó rẹ̀ kò jẹun dáadáa mọ́.

"Ta ló lè dá irú bàbá yẹn lóró?" ni yóò máa wí. "Ẹni tó ṣe é, kò ní rí ẹni tó máa tọ́jú òun náà."

Kóòṣì á tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Níbi iṣẹ́, Àgbà. Nínú ilé, ọmọ Àgbà. Kò sí ibi tó lè mí sí.

Iṣẹ́ Àgbà parí ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ tó fi ń jáde, ó wá sí ilé wọn. Kóòṣì dọ̀bálẹ̀ kí i, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, Àgbà sì jókòó.

"Mo wá dúpẹ́ ni," ló wí. Ìyàwó ló kọjú sí. "Ọmọ mi, ṣé ọkọ rẹ sọ ọ́ fún ọ? Ó lọ bá mánéjà nítorí mi, mánéjà ló sọ fún mi. Ó ní kí wọ́n lé òun dípò mi. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rere ni mo fi ọ́ lé."

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀, ó yí sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á gbà yín lọ́jọ́ tó bá le."

Àdúrà yẹn ni Kóòṣì kò lè gbà. Gbogbo ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má dúpẹ́. Èmi ni mo kọ nọ́mbà yín. Mánéjà béèrè ẹni tó yẹ kó lọ, èmi ni mo kọ ọ́ fún un."

Ó sọ ọ́ tán, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń retí ìbínú, ó tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Àgbà kò bínú, kò sì yà á lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Obìnrin náà ti rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọwọ́ ọkọ.

"Mo mọ̀," ni Àgbà wí, ó rẹ̀ ẹ́. "Ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìwé yẹn ni mánéjà ti kà á sí mi létí. Kò dárúkọ rẹ. Àmọ́ ta ló tún ń sọ̀rọ̀ báyẹn nínú gbogbo wa?"

"Ẹ mọ̀? Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ fi kọ́ mi níṣẹ́?"

"Èmi ti dàgbà, ilé ni mò ń lọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ yìí ni mo rò. Mo ní ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì lọ́jọ́ kan. Mo wá yìn ọ́ níwájú ẹ̀ kó má bàa gbà wọ́n gbọ́, kó lè máa fojú rere bá ẹ gbé."

Obìnrin náà dìde. Kò bú ọkọ rẹ̀, kò sì wò ó. Ó wọlé lọ mú ìborùn rẹ̀, ó fi apá kan gbé Àgbà dìde lórí àga, torí eékún náà kì í tètè nà. "Ẹ jẹ́ kí n sìn yín lọ sílé, Bàbá," ló wí. Ó ti mú báàgì rẹ̀ dání.

Kóòṣì wà lórí ilẹ̀. Àgbà yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó pẹ́, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

"Kí ló dé tí o sọ ọ́?"