Ìròyìn Tí Mo Tì Pa Sínú Kọ̀ǹpútà

Òórùn àbẹ́là àti ti ike kọ̀ǹpútà tó gbóná ni mo fi ń rántí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Bódìjà. Ìparí àwọn ọdún náíńtì ni, ìgbà tí ímeèlì máa ń gba ojú wáyà tẹlifóònù wọlé, tí yóò sì jókòó sínú ẹ̀rọ de ẹni tó bá tàn án. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń ṣí lẹ́tà gbogbo ilé, tí wọ́n sì ń kà á sókè. Wọn ò rí ìdí tí ti ímeèlì fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ka èsì yunifásítì àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé sí lókè òkun, tó ní wọn ò gbà mí. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀gbọ́n mi ti fóònù màmá wa ní Adó-Èkìtì, màmá sì ti sunkún tán. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Mo búra pé bí èsì yunifásítì kejì bá dé, ìbáà dára, ìbáà burú, ẹnu mi ni màmá yóò ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Agbowó fún mi ní dískì kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń sọ lẹ́tà di rúdurùdu títí ẹni tó ni ín yóò fi tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Ó ní, "Tó o bá gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, èmi gan-an ò lè bá ẹ ṣí i o."

Èsì kejì dé lọ́sẹ̀ tí màmá ń bọ̀ wá kí wa. Mo kà á, mo tì í pa, mo wá ń pa ẹ̀rín mọ́ra káàkiri ilé.

Lọ́sàn-án Sátidé, màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán ni ẹ̀gbọ́n mi tan kọ̀ǹpútà láti fi yangàn. Lẹ́tà mi náà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, rúdurùdu ló sì kún ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi kígbe pé, "Kí lèyí? Ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè!" Ìyàwó wọn, ẹgbẹ́ mi, tó jẹ́ aríran nínú ìjọ aláṣọ funfun, sáré dìde. Ó gbé ìgò omi àdúrà jáde, ó ṣí i lókè kọ̀ǹpútà, ó ń pe orúkọ Jésù. Mo fò dí i lọ́nà.

"Ìyàwó wa, má da omi sí i! Èmi ni mo tì í."

Mo jókòó, mo tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí mi. Rúdurùdu náà padà di Gẹ̀ẹ́sì tó já geere. N ò tiẹ̀ kà á. Mo yíjú sí màmá.

"Màmá, wọ́n ti gbà mí. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọn ó kọ́ mi."

Igbe ayọ̀ tí màmá ké ló mú kí àwọn ará ilé kejì yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?" Láti ọjọ́ náà, wọ́n á bi mí bóyá ìròyìn wà, wọ́n á sì dúró kí n dáhùn.

Mo ti kàwé náà parí tipẹ́, mo sì ti gba oyè. Ṣùgbọ́n lójú ara mi, ọjọ́ tí mo di àgbà nílé wa ni ọjọ́ tí màmá tẹjú mọ́ ẹnu mi, tí wọn ò wo ẹnu ẹlòmíràn, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tèmi.