Ilé Tó Ku Iwájú Nìkan

Mo ń ṣan ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù orí tábìlì dún. Omi kẹta ni, ó sì ti ń mọ́. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Màmá ṣì wà nínú balùwẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo gbé fóònù náà. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ láti Makáò, aládùúgbò ẹ̀gbọ́n Màmá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ sọ yé mi. Ẹ̀gbọ́n Màmá ti kú lójú oorun. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò sin ín. Bí Màmá bá fẹ́, kó pe òun, òun á di fóònù mú nínú ilé àdúrà ibi ìsìnkú, kí Màmá lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti Chicago.

"Ṣé o máa sọ fún un?" obìnrin náà béèrè.

Mo ní mo máa sọ.

Màmá kì í ṣe ìyá mi. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe ní Chicago ni kí n máa tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn. Obìnrin yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń dá gbé ní àjà kẹrìndínlógún nínú ilé gíga kan ní Edgewater, níbi tí ọ̀sà ti kún ojú fèrèsé. Kò bímọ. Ojú rẹ̀ ti lọ. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù tó ń rí. Makáò ni wọ́n ti bí i, ìlú etí òkun lọ́hùn-ún ní Ṣáínà tí àwọn Potogí ṣàkóso fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀jẹ̀ Potogí ni baba rẹ̀, ará Ṣáínà ni ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo pè é ní Màmá, ó yí ojú sí ibi tí mo dúró.

"Ṣé èmi ni mo bí ọ? Mo ní orúkọ."

Mo ṣàlàyé pé níbi tí mo ti wá, a kì í fi orúkọ pe ẹni tó tó ìyá ẹni.

"Ìyá yín á mà pọ̀ o," ó ní. "Ṣé gbogbo wọn ló ń fún yín lóúnjẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Láti ìgbà náà ni ó ti di Màmá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á ní, "Mú mi jáde." Mo máa ń ṣí máàpù sórí fóònù mi, irú èyí tó ní àwòrán títì nínú. Á dárúkọ àdúgbò, màá fi ìka ti àwòrán náà síwájú díẹ̀díẹ̀, màá sì máa sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní fèrèsé ilé kan pọ̀.

"'Pọ̀' kì í ṣe iye. Kà á."

Mo kà á. Mẹ́rìnlá ni. Ó mi orí, ó ní ó pé.

Mo fẹ́ràn ìrìn yẹn ju bí mo ṣe jẹ́ kó mọ̀ lọ. Ní Uptown, yàrá kan ni mo ń gbé, èmi nìkan. Mo lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Ẹtì, kí n má tún gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò sí ẹlòmíràn tó ń bi mí léèrè ohun tí mo rí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ Makáò, èmi tí n kò dé ibẹ̀ rí. Mo mọ ojúde ńlá tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun tẹ́ bí ìgbì omi. Orúkọ títì wà lára ògiri ní èdè méjì, lórí pátákó amọ̀ dídán. Mo mọ ilé ọlọ́lá kan tó jẹ́ pé ìkarahun inú òkun, tí wọ́n fá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ni wọ́n fi ṣe fèrèsé rẹ̀ dípò gíláàsì. Mo sì mọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí iná jó, tó ku iwájú nìkan lókè àtẹ̀gùn gígùn. Ojú ọ̀run ni èèyàn ń rí láti ojú fèrèsé rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà àti ti Japan wà lára àwọn tó gbẹ́ òkúta rẹ̀: obìnrin mímọ́ kan tẹ dírágónì olórí méje mọ́lẹ̀, wọ́n gbẹ́ òdòdó yí i ká, wọ́n sì kọ èdè Ṣáínà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo sọ fún un pé ilé ìyá ìyá mi ní Pópó Àgùdà, ní Èkó, ní irú òdòdó yẹn lórí ẹnu ọ̀nà. Sìmẹ́ǹtì ni tiwa. Àwọn tó padà bọ̀ láti Bùràsíìlì ló kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ lọ́hùn-ún.

"Àwọn Potogí dé ọ̀dọ̀ yín náà?"

"Àwọn ló sọ ìlú wa ní Lagos."

"Oníwàhálà ni wọ́n. Wọn kì í fi ẹnì kan sílẹ̀. Ilé yẹn ṣì wà?"

"Wọ́n ti wó o."

"Pátápátá?"

"Pátápátá."

"Tiwa ku iwájú," ó ní, ó sì fi orí rọ àga bí ẹni tó borí nínú ayò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló kù nínú ìdílé. Ó ń gbé nítòsí ilé òrìṣà obìnrin tí àwọn atukọ̀ ń sìn. Wọ́n ní lára orúkọ òrìṣà yẹn ni orúkọ ìlú náà ti wá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbọ́n á lọ sí Máàsì, á tún yà síbẹ̀ lọ sun tùràrí, á wá pe Màmá. Wọ́n á jọ máa bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Màmá jáde ní balùwẹ̀, ó béèrè ẹni tó pè.

Nílé wa, a kì í la ikú mọ́ èèyàn lójú. A ó kọ́kọ́ ní ara olúwarẹ̀ kò yá. Lọ́jọ́ kejì, a ó ní ó ti le díẹ̀. Àwọn àgbà á wá kó ara wọn jọ, wọ́n á jókòó yí ẹni náà ká, ọ̀kan á sọ ọ́, àwọn yòókù á dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Aládùúgbò ẹ̀gbọ́n yín ni," mo ní. "Ara ẹ̀gbọ́n yín ò yá."

Mo padà sídìí ìrẹsì mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kí n mú òun lọ sí ilé òrìṣà yẹn, kí ẹ̀gbọ́n òun lè gbádùn. Mo ti àwòrán dé ẹnu ọ̀nà. Tùràrí tí wọ́n ká róbótó bí ẹní so rọ̀ láti òkè àjà.

"Mélòó?"

"Bóyá mẹ́wàá."

Lọ́jọ́rú, ó ní kí n mú òun dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n òun gan-an. Mo sọ ọ̀dà ara ilẹ̀kùn, mo sọ ìkòkò òdòdó. Ó béèrè fèrèsé.

"Wọ́n wà níbẹ̀ díẹ̀," mo ní. Èmi fúnra mi gbọ́ ọ pé iye kò sí níbẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, alẹ́ Ọjọ́rú ni lọ́dọ̀ wa. Aago mẹ́wàá tiwọn, mẹ́jọ tiwa. Mo mọ̀ ọ́n. Aago márùn-ún ni mo máa ń ṣíwọ́. Mo wọ kóòtù, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo pè é, ó ní, "Kí ni?" Mo ní kí ó má gbàgbé oògùn rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Uptown, mo ń wo fóònù.

Nígbà tí mo dé ní Ọjọ́bọ̀, ó ti múra, ó ti jókòó.

"Ìwọ lo máa ń ka fèrèsé fún mi. Láti ọjọ́ Ajé, 'bóyá' àti 'díẹ̀' lò ń sọ. Nígbà wo ló kú?"

"Lójú oorun ni. Kí ẹ tó jáde ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n pè."

"Ìsìnkú ńkọ́?"

"Alẹ́ àná. Aládùúgbò wọn ní òun á di fóònù mú kí ẹ lè gbọ́ ọ." Mi ò lè fi ìyẹn pamọ́ fún un mọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀ ni, Màmá."

"Mi ò rí i. Dìde."

Mo ṣàlàyé àṣà wa. Mo sọ fún un pé nígbà tí ìyá tèmi kú, Chicago ni mo wà; ọjọ́ mọ́kànlá ni àwọn ará ilé fi sọ fún mi pé ìyá mi ń sùn, pé ara wọn ò yá. Mo ti ra oògùn, mo ti fi ránṣẹ́.

"Ta ló wá sọ fún ọ?"

"Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi mẹ́ta. Wọ́n jọ wà lórí fóònù ni."

"Mẹ́ta," ó ní. "Èmi ńkọ́? Àwọn wo lò ń retí kí wọ́n wá?"

Kò sí ẹnì kankan tó ń bọ̀. Èmi nìkan ni, mo sì ti fi ọjọ́ mẹ́ta dúró de àwọn àgbà tí kò sí.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí kò jẹ, ó ní kí n mú òun lọ sí itẹ́ òkú. Mo sọ ilé àdúrà kékeré tó wà láàárín rẹ̀, mo sọ àwọn àgbélébùú, mo sọ àwọn òkúta tí wọ́n kọ èdè Ṣáínà sí àti àwọn tí wọ́n kọ èdè Potogí sí. Ó béèrè áńgẹ́lì. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́tàdínlógún ló hàn. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà, mẹ́tàdínlógún.

Aago márùn-ún lù. Yìnyín ti bo etí ọ̀sà. Mo gbé oògùn rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó o, mo wọ kóòtù, mo ní, "Ó dàárọ̀, Màmá."

Kò yí ojú kúrò níbi fèrèsé.

"Láti ọ̀la lọ," ó ní, "orúkọ mi ni kí o máa fi pè mí."