Ìyàwó Tó Sá Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó

Bí ìyẹ̀fun bá ṣeé fi bo ìtìjú ni, Ojúọlá ì bá ti da odindi àpò kan lé ara rẹ̀ lórí. Ilé búrẹ́dì Bàbá Amos ní Fìdítì ló ti ń po ìyẹ̀fun. Ta sì ni ẹ rò pé ó ń dáná ààrò níbẹ̀? Mùsílíù ará Ìlọrà ni, ọkùnrin tó sá fún lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn gan-an, lọ́dún tí a gba òmìnira. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o! Mùsílíù tó ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ ebè fún bàbá Ojúọlá lọ́dọọdún, òun ló fi sílẹ̀ nítorí awakọ̀ kan tó mọ fèrè mọ́tò fun. Awakọ̀ gbé e lọ sí Ìbàdàn, ó fẹ́ ẹlòmíì lé e, ó sì lé e síta. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Ká ní Mùsílíù bú u ni, ara ì bá tù ú. Kò bú u. "Ojúọlá, o kú iṣẹ́ o" ló ń wí láràárọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló sì ń dùn ún jù.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, iṣẹ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Lọ́sàn-án, àwọn yòókù lọ kírun, Mùsílíù dúró ti iná kí búrẹ́dì má baà jó. Ooru mú un, ó bọ́ ẹ̀wù, òógùn ń ṣàn láyà rẹ̀. Ojúọlá gbé páànù fún un, ọwọ́ wọn kanra, kò sẹ́ni tó fa tirẹ̀ kúrò. Mùsílíù nu ìyẹ̀fun kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ojúọlá, ni ọ̀rọ̀ bá di ìdìmọ́ra, ẹnu bá ẹnu. Háà, ara èèyàn kì í kúkú ṣe igi! Ibẹ̀ ni Adéjọkẹ́ tó ń kiri búrẹ́dì ti ṣílẹ̀kùn.

"Yéè! Ẹ wá wo ìyàwó àsálọ!"

Búrẹ́dì jó, ìlú gbọ́. Ojúọlá sá sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, ó ń wá ilẹ̀ tí yóò lanu gbé e mì. Mùsílíù tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀.

"Mo ṣì ń fẹ́ ọ," ló wí, "ṣùgbọ́n lọ bá ìyá mi. Bí wọ́n bá kọ̀, ó parí nìyẹn."

"Ìyá rẹ kẹ̀? Ojú wo ni n ó fi wò wọ́n?"

"Èyí tó wà lórí rẹ náà ni."

Lọ́jọ́ Iléyá, Ojúọlá wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà. Hàwáù, ìyá Mùsílíù, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin agbolé ń gé ẹran lójúde. Ojúọlá kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, ìyá mi. Ẹ dárí jì mí."



"Ojúọlá," ni ìyá wí, "lọ́jọ́ yẹn, mo gbé omi tútù sẹ́nu ọ̀nà yìí, pé n ó fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó mi kó tó wọlé, bí wọ́n ṣe wẹ tèmi. Mo dúró tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn èèyàn ń bèèrè pé ìyàwó dà? Mo ní ibà ló dá ọ dúró. Mo purọ́, kí wọ́n má baà bú ọ."

Ká ní ìgbájú ni ìyá gbá a, ì bá sàn. Ní gbogbo ìgbà tó ń jayé n'Íbàdàn, Ojúọlá ò rò ó rí pé ẹnì kan ń purọ́ nítorí òun. Ó bú sẹ́kún.

"Ẹ nà mí, ìyá mi."

"N ò ní nà ọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó sá lọ, ọwọ́ mi ò ní wẹ̀ ẹ́. Omi wà nínú àmù. Bí o bá fẹ́ wọlé, wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ, kí gbogbo wọn máa wò ọ́."

Ìyàwó wo ló wẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rí? Àwọn obìnrin pa ẹran tì. Ojúọlá bu omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó wẹ ọ̀tún, ó wẹ òsì. Nígbà tó ṣe tán, kò lè gbójú sókè.

Ìyá Mùsílíù dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún un.